Òwú, gìtá àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ: ọ̀rọ̀ sí Olóòtú lórí iṣẹ́ ọwọ́ ìgbà òtútù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Bí ìgbà òtútù bá ti ń wọlé, tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, tí ẹsẹ̀ kò sì fẹ́ jáde mọ́, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́: ẹ wá iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣe nílé, ẹ kọ́ ohun èlò orin kan. Ìmọ̀ràn náà dára. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ibẹ̀ ló máa ń parí sí. Ẹni tó gbọ́ ọ á ra òwú mẹ́wàá àti gìtá kan, kí oṣù kejì tó pé, òwú ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gìtá ti fara ti ògiri, olúwarẹ̀ á sì máa sọ pé òun kò lẹ́bùn. Mo fẹ́ kí ìwé ìròyìn yín bá mi sọ fún àwọn ènìyàn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kì í sábà sí níbẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó tóbi jù, iná tí kò mọ́lẹ̀ tó, àti afẹ́fẹ́ ilé tó gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ ló ń lé wọn nídìí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ní àtúnṣe, bí ènìyàn bá mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ẹ jẹ́ ká mú híhun òwú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì ṣáájú, èyí tí àwọn kan ń pè ní nítíìnì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ fi súwẹ́tà bẹ̀rẹ̀. Súwẹ́tà àgbàlagbà lè gba 1,000 mítà òwú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní apá, ó ní ọrùn, ó sì ní ibi tí a ó ti rán an pọ̀; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n á ti sú kó tó dé àyà. Aṣọ ìnuwọ́ kékeré onígun mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, 20 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 20 ní gígùn. Òwú 50 gíráàmù tó o. Ẹ wá òwú tí kò tín-ín-rín jù tí kò sì nípọn jù, èyí tí 100 gíráàmù rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 200 mítà, kí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́: funfun, yẹ́lò tàbí àwọ̀ ojú ọ̀run. Òwú dúdú kò dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí ojú ìhun inú rẹ̀, ìyẹn àwọn òrùka òwú kéékèèké tó so kọ́ra, kì í hàn lálẹ́, alẹ́ gan-an la sì fẹ́ ṣe é. Òwú onírun jáwújáwú burú jù ú lọ, nítorí bí àṣìṣe bá wọ inú rẹ̀, irun rẹ̀ á ti so kọ́ra, kò ní ṣeé tú.

Abẹ́rẹ́ tó bá irú òwú yẹn mu ni ti 4.5 tàbí 5 mìlímítà. Ti igi tàbí ọparun ni kí ẹ mú. Òwú máa ń yọ̀ lórí abẹ́rẹ́ irin, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti mọṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó yá. Ìdí yẹn náà ni ojú ìhun fi ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ dá ojú 36 sórí abẹ́rẹ́ kan, ìyẹn òrùka òwú 36 tí ìhun á ti bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni wàhálà àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń le, á fa òwú mọ́ abẹ́rẹ́ pinpin, débi pé abẹ́rẹ́ kejì kò ní rí àyè wọlé. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tó fi mìlímítà kan tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dá ojú náà, kí ẹ wá padà sí abẹ́rẹ́ yín láti ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, irú ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ máa hun láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀. Ẹ yí aṣọ padà, ẹ tún hun bákan náà. Aṣọ tó máa jáde á ga síhìn-ín, á lọ sílẹ̀ sọ́hùn-ún bí ebè oko, inú àti òde rẹ̀ á bára mu, etí rẹ̀ kò sì ní ká. Ìlà méjì ló ń di ebè kan. Nínú irú ìhun yìí, ebè kan ga tó ìbú ojú kan, nítorí náà bí ebè bá ti pé nǹkan bí 36, ìyẹn ìlà 72, aṣọ náà ti di onígun mẹ́rin tó dọ́gba. Ẹ ṣẹ́ ẹ po láti igun kan sí igun kejì kí ẹ wò ó kí ẹ tó dì í pa, ìyẹn kí ẹ tó pa ojú rẹ̀ dé kó má baà tú.

Ẹ máa ka ojú lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán fún ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Bí 36 bá di 37, tó tún di 39, kò sí àjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Òwú ló gba orí abẹ́rẹ́ kọjá sẹ́yìn kí ẹ tó hun ojú àkọ́kọ́, ojú yẹn wá là sí ẹsẹ̀ méjì bíi ṣòkòtò, ẹ sì hun ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí ìlà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé abẹ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ni òwú gbà lọ sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ojú ń dín ni, ó lè jẹ́ pé ẹ hun méjì pọ̀, tàbí kí ọ̀kan ti já bọ́. Èyí tó já bọ́ á máa sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà dé ìlà, á fi òwú tó dábùú sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ bí àkàbà. Ẹ má fa aṣọ náà rárá. Ẹ fi píìnì há ojú náà mọ́ ibi tó wà, kí ẹ wá fi ìkọ́ króṣé, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, mú un, kí ẹ sì máa fa ọ̀pá àkàbà kọ̀ọ̀kan gba inú rẹ̀ títí ẹ ó fi dé orí abẹ́rẹ́. Nínú aṣọ eléèbè yìí, láti iwájú ni ẹ ó ti fa ọ̀kan, láti ẹ̀yìn ni ẹ ó ti fa èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa pààrọ̀ wọn. Bí ẹ bá fa gbogbo rẹ̀ láti iwájú, òpó tó dán kan á hàn láàárín ebè, kò sì ní ṣeé fi pamọ́.

Lẹ́yìn aṣọ ìnuwọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lè wá pa ìlà ojú àti ìlà òdì pọ̀, kí ẹ hun ìlà kan ní ojú bí ẹ ti ń ṣe bọ̀, èkejì ní òdì, ìyẹn kí òwú wà níwájú abẹ́rẹ́ dípò ẹ̀yìn. Aṣọ náà á dán, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á ká. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i á rò pé òun ló ba nǹkan jẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù. Kíká wà nínú ìhun náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ojú tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn kò fa òwú bákan náà. Ẹ fi ojú 4 ní etí ọ̀tún àti 4 ní etí òsì hun ebè, kí ẹ sì fi ìlà 6 eléèbè bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi 6 parí. Ó máa dúró. Ìborùn tó fẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà, tó gùn ní 150, á gba nǹkan bí 200 gíráàmù òwú, ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà kan wà lára ìwé tí wọ́n fi di òwú tó ń sọ inú aró wo ni wọ́n ti rẹ ẹ́. Òwú méjì tí orúkọ àwọ̀ wọn jọra ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà yìí yàtọ̀ á bára mu nínú ilé ìtajà, á sì fi ìlà hàn lára ìborùn bí oòrùn bá ràn sí i.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun tí a ń wọ̀ sára, ó gbọ́dọ̀ hun aṣọ ìdánwò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ni nínú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ rèé. Ká ní ìwé àpẹẹrẹ sọ pé ojú 18 ló yẹ kó wà nínú 10 sẹ̀ǹtímítà, tí àyíká àyà sì jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà. Ojú 162 nìyẹn. Bí ọwọ́ yín bá le díẹ̀, tí ojú 20 wọ inú 10 sẹ̀ǹtímítà, ojú 162 yẹn kan náà á di 81 sẹ̀ǹtímítà. Ojú méjì péré ni ìyàtọ̀, sẹ̀ǹtímítà 9 ló sì jẹ lára aṣọ, ẹni tí ẹ hun ún fún kò ní lè wọ̀ ọ́. Ẹ hun ìdánwò tó fẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá wọn 10 sẹ̀ǹtímítà àárín rẹ̀. Ẹ má wọn etí, etí máa ń parọ́. Bí ojú bá pọ̀ jù, ẹ lo abẹ́rẹ́ tó fi ìdajì mìlímítà tóbi sí i. Bí wọ́n bá kéré jù, ẹ lo èyí tó kéré sí i. Ẹ má gbìyànjú láti yí ọwọ́ yín padà. Ọwọ́ tí ẹ fipá mú dẹ̀ lónìí á tún le lọ́la, pàápàá bí nǹkan bá ń bí yín nínú.

Fífọ̀ ńkọ́? Irun àgùntàn ní ìpẹ́ kéékèèké lára. Nínú omi gbígbóná, pẹ̀lú ọṣẹ àti fífọwọ́ ra, àwọn ìpẹ́ yẹn á ṣí, wọ́n á há sára wọn, aṣọ àgbà á di ti ọmọdé, kò sì ní padà mọ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 30°C, ni kí ẹ rì í sí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má sì gbé e láti inú omi gbígbóná sínú omi tútù. Ẹ wé e sínú táwẹ́ẹ̀lì, kí ẹ tẹ omi jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Bí ẹ bá fi kọ́ sórí okùn, ìwúwo omi á fà á gùn.

Króṣé yàtọ̀ síyẹn, ìkọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, ojú kan ṣoṣo ló sì wà lórí ìkọ́ bí ẹ bá sinmi, nítorí náà kò sí ìbẹ̀rù pé ojú ogójì á já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tí abẹ́rẹ́ méjì bá dá lágara, króṣé ni mo máa ní kó lọ bá. Ẹ mú ìkọ́ 5 mìlímítà, kí ẹ ṣe ohun pẹrẹsẹ roboto tí a ń gbé ife lé. Ojú 6 ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ nínú òrùka òwú. Ní ìyípo kejì, ẹ hun méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ní ìkẹta, méjì sínú ojú kan, ọ̀kan sínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó di 18. Lẹ́yìn náà 24, 30, 36: ojú 6 ni ìyípo kọ̀ọ̀kan fi ń pọ̀ sí i. Bí etí rẹ̀ bá ń ṣẹ́ po bí etí gèlè, ojú ti pọ̀ jù. Bó bá ń gbé etí sókè bí abọ́, ojú kò tó, tàbí ọwọ́ yín ti le. Ẹ fi òwú àwọ̀ mìíràn sàmì sí ojú àkọ́kọ́ ìyípo, kí ẹ sì máa gbé e gòkè bí ẹ ti ń lọ, nítorí láìsí àmì yìí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìyípo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi orin olórin dídùn sétí nígbà tí ẹ bá ń ka ojú wọ̀nyí. Aṣọ eléèbè ni ènìyàn lè hun tó sì ń gbọ́ orin, kò sí kíkà púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti iná: bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí àtùpà tàn láti èjìká òsì, bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì, láti èjìká ọ̀tún. Iná àárín àjà nìkan ń sọ òjìji orí yín sórí iṣẹ́. Ẹ̀yìn ríro àti orí fífọ́ tí àwọn kan ń kà sí ti abẹ́rẹ́, ìtẹ̀síwájú láti wá ìmọ́lẹ̀ ló ń fà á.

Mo wá dé orí afẹ́fẹ́, ibi tí òwú àti orin ti pàdé. Bí òtútù ṣe ń mú tó níta ni ilé ń gbẹ tó nínú, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Afẹ́fẹ́ tó wà ní 0°C kò lè gba ju nǹkan bí 5 gíráàmù omi lọ nínú mítà kúbíìkì kan. Bó bá wọlé, tí ẹ̀rọ amúlégbóná sì gbé e dé 20°C, ààyè 17 gíráàmù ti ṣí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n 5 yẹn náà ló ṣì gbé wá. Ọ̀rinrin rẹ̀ kò wá ní tó ìdá 30 nínú 100. Ara òwú ní í kọ́kọ́ hàn: á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á máa ta pàrà bí iná mànàmáná, awọ ìka tó ti gbẹ á sì máa fa á ya. Lára gìtá, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun èlò orin onígi fẹ́ kí ọ̀rinrin wà láàárín ìdá 45 sí 55. Bó bá wálẹ̀ púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pákó á sún kì. Àyà gìtá á rọ̀ wọlé, okùn á sún mọ́ ọrùn jù, á sì máa kùn bí oyin. Ọrùn onígi á sún kì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú rẹ̀ kò ní sún kì, orí wọn á wá yọ síta, á máa ha ọwọ́. Níkẹyìn, pákó á là.

Ẹ wá wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Gìtá rẹ̀ ń kùn, ọrùn rẹ̀ ń ha á lọ́wọ́, okùn kì í dúró sí ohùn tó yí i sí lálẹ́ àná. Kí ni kò fi ní rò pé ìka òun ni kò gbọ́n? Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, kó gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin sínú yàrá, kó sì kà á lárọ̀ọ́ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá wà ní 45 sókè, gìtá lè dúró síta lórí ìdúró rẹ̀, èyí sì dára jù, torí ohun tí ojú bá ń rí lọwọ́ ń gbé. Bó bá wà lábẹ́ 40, inú àpótí rẹ̀ ni kó máa sùn. Ẹ wá ike ọṣẹ tó ní ideri, ẹ dá ihò mẹ́wàá sí ideri náà, ẹ fi kànìnkànìn tútù sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú àpótí níbi orí gìtá. Ẹ fún un dáadáa kó má baà kán. Omi tó bá kán sára pákó á ba á jẹ́ ju gbígbẹ lọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá ó ti gbẹ. Kí gìtá má ṣe wà nítòsí ẹ̀rọ amúlégbóná, kó má sì fara ti ògiri tó kọjú síta. Bí ẹ bá gbé e wọlé láti inú òtútù, ẹ fi í sílẹ̀ nínú àpótí títì fún wákàtí kan tàbí méjì. Bí ẹ bá ṣí i lójú ẹsẹ̀, omi á sẹ̀ sí i lára, ọ̀dà ara rẹ̀ sì lè sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ukulele, ìyẹn ohun èlò orin kékeré tó jọ gìtá, ni mo máa ní kí ẹni tí kò tíì ta ohun olókùn rí fi bẹ̀rẹ̀. Okùn rẹ̀ mẹ́rin péré ni, náílọ́ọ̀nù ni, kì í ya ìka bí irin. Ohùn wọn láti òkè, ìyẹn láti apá tó sún mọ́ ojú yín, ni G, C, E, A. Kọ́ọ̀dù, ìyẹn àpapọ̀ ohùn tí a ń lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin tó fún ọ̀pọ̀ orin. Fún C, ìka òrùka ní àyè kẹta (àlàfo kẹta láàárín àwọn irin ọrùn, bí ẹ bá kà á láti orí) lórí okùn A nìkan. Fún A kékeré (A minor, tí wọ́n ń kọ ní Am), ìka àárín ní àyè kejì lórí okùn G. Fún F, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá kún un ní àyè àkọ́kọ́ lórí okùn E. G7 ló gba ìka mẹ́ta: ìfábẹ̀lá ní àyè àkọ́kọ́ lórí E, ìka àárín ní àyè kejì lórí C, ìka òrùka ní àyè kejì lórí A. Ẹ tẹ okùn nítòsí irin tó wà níwájú ìka, kì í ṣe ní àárín àyè, kì í sì í ṣe lórí irin gan-an. Ní àárín, á kùn. Lórí irin, á dákẹ́. Okùn náílọ́ọ̀nù tuntun máa ń nà fún ọjọ́ púpọ̀, ohùn rẹ̀ á máa rọlẹ̀, ẹ má tìtorí rẹ̀ dá túnà yín, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn okùn, lẹ́bi. Ẹ máa yí i sókè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e.

Ẹ gbé mẹ́tirónóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ lu kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin: C, A kékeré, F, G7, kí ẹ padà sí C. Bí ọwọ́ òsì bá pẹ́ kó tó dé, ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ẹni tó bá ń dúró ní gbogbo ìgbà tí kọ́ọ̀dù bá fẹ́ yí, dídúró yẹn gan-an ló ń kọ́, yóò sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ sọ ọ́ di 50 dípò bẹ́ẹ̀. Bí ìyípo márùn-ún bá lọ láìkọsẹ̀, ẹ fi 5 kún un. Láti F sí G7 ló máa ń dí ènìyàn lọ́wọ́ jù. Ẹ yọ méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ ṣe wọn nìkan fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ má máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo orin láti orí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọsẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún lójoojúmọ́ ju wákàtí méjì ọjọ́ Sátidé lọ fíìfíì.

Fèrè rẹ́kọ́dà oníke náà wà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ kò rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n òtútù rí i. Èémí gbígbóná tó bá wọ inú fèrè tútù á di omi ní ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́nu rẹ̀, ohùn á sì di. Ẹ fi orí rẹ̀ sábẹ́ apá fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó fọn ọ́n. Ọwọ́ òsì ló ń wà lókè. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò ẹ̀yìn, ìka ìfábẹ̀lá dí ihò àkọ́kọ́: B nìyẹn. Ìka àárín kún un, A. Ìka òrùka kún un, G. Bí ẹ bá ka G sí dò, ẹ ti ní dò, rẹ, mi, ẹ sì lè fọn orin ọmọdé púpọ̀. Bó bá ń han bí èkúté, ìka kan kò dí ihò rẹ̀ tán, tàbí ẹ ń fọn ọ́n le jù. Ẹ fi ahọ́n sọ “dù” jẹ́jẹ́ fún ohùn kọ̀ọ̀kan. Rẹ́kọ́dà onígi tuntun kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì nu inú rẹ̀ lẹ́yìn fífọn.

Dùùrù onígi ńlá kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ má pe ẹni tó ń yí ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ tan ẹ̀rọ amúlégbóná, ẹ jẹ́ kí pákó rẹ̀ bá yàrá mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná. Kíbọ́ọ̀dù oníná kò ní wàhálà yìí, ẹ sì lè fi ẹ̀rọ àfisétí lò ó lóru. Ní ti ìlù aláwọ, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa awọ le, ohùn rẹ̀ á lọ sókè; ẹ dẹ okùn rẹ̀ bí ẹ bá lù ú tán, nítorí awọ tó le kankan mọ́jú ló ń fàya láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ọwọ́ kan náà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ìka tútù kì í gbọ́ràn. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣan ọwọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ nù ún gbẹ. Ìpara ọwọ́ ṣe pàtàkì nígbà òtútù, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn ni kí ẹ fi pa á. Bó bá kan okùn gìtá, á mú ohùn rẹ̀ kú, bó bá kan òwú, á sọ ọ́ di eléèérí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe méjèèjì ní alẹ́ kan, orin ni kó ṣáájú. Híhun ń rẹ àtàǹpàkò àti ọrùn ọwọ́ láìjẹ́ kí ènìyàn tètè mọ̀, ọwọ́ tó ti rẹ̀ á sì máa tẹ okùn le ju bó ṣe yẹ. Ní ìṣẹ́jú ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ na ìka. Bí ìrora bá ṣì wà ní ọjọ́ kejì, ẹ dúró títí yóò fi lọ.

Ìbéèrè mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ìwé ìròyìn yín fi ojú ewé kan sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìgbà òtútù fún irú àlàyé báyìí, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ kan kọ ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́ àti bí a ṣe ń tún un ṣe. Àtòkọ ohun tí a ó rà ti tó gẹ́ẹ́.

Bí oòrùn bá sì padà dé, kí àwọn òǹkàwé má kàn kó gbogbo rẹ̀ jù sínú àpótí. Kòkòrò tó ń jẹ irun àgùntàn fẹ́ràn èyí tí òógùn àti ìdọ̀tí wà lára rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n fọ aṣọ kí wọ́n tó kó o pamọ́. Èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kó wà nínú fírísà ní −18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wọ́n sì rántí yọ kànìnkànìn kúrò nínú àpótí gìtá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èébu á hù sínú rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín